Ọjọ́ márùn-ún láìsí òjò yìnyín: kí ló dé tí ìkìlọ̀ ṣì dúró sí 3?

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi àti àwọn ọ̀rẹ́ mi mẹ́ta fẹ́ fi síkì, igi pẹlẹbẹ gígùn tí à ń dè mọ́ bàtà láti rìn lórí yìnyín, gun òkè lọ́jọ́ Sátidé, níbi tó ti kọjá ààlà ọ̀nà tí wọ́n ń tọ́jú fún èèyàn. Ó ti pé ọjọ́ márùn-ún báyìí tí yìnyín ti rọ̀ kẹ́yìn. Ojú ọ̀run mọ́, oòrùn ń ràn, mo sì ti rí àwòrán ibi tí a fẹ́ gbà: ipa síkì àwọn ẹlòmíì ti kún ibẹ̀. Síbẹ̀, àwọn tó ń kéde ewu ìyalulẹ̀ yìnyín, ìyẹn yìnyín tó ń já wálẹ̀ lára òkè, ṣì ń sọ pé ewu náà wà ní 3 nínú 5, wọ́n ní ìpele ẹlẹgẹ́ kan wà nísàlẹ̀ yìnyín tí kò tíì sàn. Ṣé kì í ṣe àṣejù nìyẹn? Gbogbo irinṣẹ́ la ní. Bí a bá gbẹ́ ihò sínú yìnyín níbẹ̀ láti wo àwọn ìpele rẹ̀, tí ó sì dára, ṣé a lè lọ?

Ìdáhùn: Àbúrò, kì í ṣe àṣejù. Ihò tí ẹ bá gbẹ́ kò sì lè fún yín láṣẹ tí ìkìlọ̀ kò fún yín. Ṣùgbọ́n n kò ní kí ẹ jókòó sílé o. Ẹ lè lọ, bí ẹ bá yan ibi tí kò dá gẹ̀rẹ́ jù, màá sì sọ bí ẹ ṣe máa mọ̀ ọ́n. Kí n tó débẹ̀, ó yẹ kí o mọ ìdí tí gbogbo ohun tí o kà sí àmì rere, ìyẹn ojú ọ̀run tó mọ́, ọjọ́ márùn-ún, àti ipa síkì, kò fi kan ohun tí ìkìlọ̀ yẹn ń sọ rárá.

Yìnyín tó bo òkè kì í ṣe ẹyọ ohun kan ṣoṣo. Gbogbo ìgbà tí yìnyín bá rọ̀, tí ìjì bá gbá a kiri, tí oòrùn bá yọ́ ojú rẹ̀ tí òtútù sì tún mú un dì, ìpele tuntun ló ń gorí ti àtijọ́, bí ẹní tí wọ́n tẹ́ léra wọn. Èyí tó wà lókè lè le, kí èyí tó tẹ̀ lé e rọ̀ bí ìyẹ̀fun, kí ìsàlẹ̀ pátápátá má sì dì mọ́ra rárá. Ojú kò lè rí i. Ohun tó ṣẹlẹ̀ lóṣù méjì sẹ́yìn ṣì wà níbẹ̀, wọ́n kàn ti tẹ́ ẹní mìíràn lé e lórí ni.

Báwo ni ìpele ẹlẹgẹ́ ṣe ń wáyé? Ilẹ̀ tó wà lábẹ́ yìnyín sábà máa ń wà ní nǹkan bí 0 dígíríì, torí yìnyín bò ó bí bùláńkẹ́ẹ̀tì. Ní òru tí ojú ọ̀run mọ́ kedere, ojú yìnyín lókè lè tutù wọ 20 dígíríì sísàlẹ̀ òdo. Tí yìnyín náà bá nípọn tó mítà méjì, ìyàtọ̀ yẹn á pín sára gbogbo rẹ̀, kò ní fi bẹ́ẹ̀ ṣe nǹkan. Tó bá jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 50 péré, ìyàtọ̀ 4 dígíríì ló máa wà láàárín sẹ̀ǹtímítà 10 kọ̀ọ̀kan. Bẹ́ẹ̀, tó bá ti ju dígíríì 1 lọ ní sẹ̀ǹtímítà 10, oru omi á bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè láàárín àwọn hóró yìnyín, á kúrò lára èyí tó móoru, á lọ dì mọ́ èyí tó tutù. Hóró tó ti rí róbótó tẹ́lẹ̀, tó ti di ara ẹnìkejì rẹ̀ mú, á wá di onígun-onígun, á jọ ṣúgà. Bu irú rẹ̀ sọ́wọ́, gbìyànjú láti mọ ọ́n ní ìṣù: á gba àárín ìka rẹ ṣàn lọ sílẹ̀.

Ṣé o ti rí ibi tí mò ń lọ? Òru tó mọ́, tó tutù, tí o ń kà sí ojú ọjọ́ rere, òun gan-an ló ń hu ìpele ẹlẹgẹ́ jáde. Òmíràn tún wà tí kì í hù nísàlẹ̀ bí kò ṣe lójú yìnyín gan-an: ìrì dídì ni, ó máa ń rí bí ìyẹ́ ẹyẹ wẹ́wẹ́, á máa dán nígbà tí oòrùn àárọ̀ bá kàn án. Mo fẹ́ràn láti wò ó. Ohun tí n kò fẹ́ràn ni kí yìnyín tuntun wá rọ̀ bò ó láìsí ìjì tó máa kọ́kọ́ wó o. Nígbà náà, ìyẹ́ wẹ́wẹ́ yẹn á dúró ṣánṣán lábẹ́ ẹrù tó wà lórí rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan.

Torí náà, ọ̀nà méjì ni ọ̀rọ̀ pín sí. Tó bá jẹ́ yìnyín tuntun ló wà lókè tí kò tíì jókòó dáadáa, ọjọ́ méjì sí mẹ́ta ti tó láti wò ó sàn lọ́pọ̀ ìgbà. Ibẹ̀ ni òfin "ẹ dúró kí ó jókòó" ti wá, òfin tó dára sì ni. Ṣùgbọ́n ìpele bíi ṣúgà yẹn, tàbí ìrì dídì tí yìnyín ti bò, kì í ka ọjọ́. Ó lè lo ọ̀sẹ̀ púpọ̀, ó lè lo gbogbo ìgbà òtútù. Òkè tó jìnnà sí òkun, bí irú ti Colorado, ni wọ́n mọ̀ mọ́ ọn jù: yìnyín ibẹ̀ kì í nípọn lápá ìbẹ̀rẹ̀ ọdún òtútù, òru sì máa ń tutù gan-an. Lórí òkè Cascades ní ìpínlẹ̀ Washington, tí atẹ́gùn òkun Pàsífíìkì ń fẹ́ sí, yìnyín a máa nípọn, kì í sì í tutù tó bẹ́ẹ̀, torí náà ó sábà máa ń tètè jókòó. Ẹni tó kọ́ṣẹ́ lórí Cascades, tó wá gbé ọgbọ́n "ọjọ́ méjì ti tó" lọ sí Colorado, ọgbọ́n ibòmíràn ló gbé lọ. Nínú ìbéèrè rẹ, ìkìlọ̀ ti sọ ọ́ ní pàtó pé ìpele ẹlẹgẹ́ àtijọ́ ni. Ọjọ́ márùn-ún kò já mọ́ nǹkan fún un.

Wàyí o, kí ló ń pa èèyàn gan-an? Ìyalulẹ̀ yìnyín tó ń ṣàn láti ojú kan, bí yanrìn tó ń ya, kò fi bẹ́ẹ̀ léwu, àfi tó bá tì ọ́ ṣubú sí ibi burúkú. Èyí tó ń pànìyàn jù ni èyí tó ń já bí odindi pátákó. Àwọn tó ń sọ èdè Jámánì kúkú pè é bẹ́ẹ̀, Schneebrett, pátákó yìnyín. Yìnyín tó ti di ara wọn mú ló jókòó sórí ìpele tí kò lè gbé e. Adìẹ bà lókùn ni: ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ. Wọ́n lè wà bẹ́ẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta láìsí ohun tó ṣẹlẹ̀, títí ẹnì kan á fi fẹsẹ̀ kan okùn.

Bí o bá dúró níbi tí pátákó náà ti fẹ́lẹ́, ìwúwo rẹ á dé ìpele ìsàlẹ̀. Àwọn hóró tó dúró bí òpó á wó, wíwó wọn á gbé ẹrù lé àwọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, àwọn náà á wó, ó di eré. Lórí ilẹ̀ pẹrẹsẹ, ohun tí wàá gbọ́ ni "gbìì" kan lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ, ojú yìnyín á sì rì díẹ̀. Ẹni tó bá gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan kì í gbàgbé. Lórí ibi tó dá gẹ̀rẹ́, pátákó náà á là lókè orí rẹ, á bẹ̀rẹ̀ sí í lọ, ìwọ náà á sì wà láàárín rẹ̀. Irú rẹ̀ tó gbẹ lè sá tó kìlómítà 80 sí 130 ní wákàtí kan. Nínú nǹkan bí ìjàǹbá 9 nínú 10 tó la ikú lọ láàárín àwọn tó ń gun òkè fún fàájì, ẹni tó kú tàbí ẹni tí wọ́n jọ rìn ló fẹsẹ̀ kàn án. Òkè kì í sábà dédé ya lu èèyàn.

Èyí ló jẹ́ kí n má fi ipa síkì ṣe ẹ̀rí. Pátákó yẹn kì í nípọn dọ́gba. Níbi tó ti nípọn mítà kan àti ààbọ̀, èèyàn mẹ́wàá lè kọjá kí ìwúwo wọn má dé ìsàlẹ̀. Ẹni kọkànlá á wá gba ẹ̀bá àpáta kan tàbí etí kan tí yìnyín ti fẹ́lẹ́, ojú òkè náà á sì já pẹ̀lú ipa gbogbo àwọn tó ṣáájú lórí rẹ̀. Mo ti rí irú àwòrán bẹ́ẹ̀ ju ẹyọ kan lọ: ipa síkì tó lẹ́wà, tó wá já lójijì níbi tí yìnyín ti là. Ẹ tún rántí pé ẹ lè wà nísàlẹ̀, lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, kí ẹ tẹ ìpele náà níbẹ̀, kí ó sáré gòkè lọ já èyí tó wà lórí yín.

Nípa nọ́ńbà 3 náà. Ilẹ̀ Yúróòpù fohùn ṣọ̀kan lórí òṣùwọ̀n oníipò márùn-ún yìí lọ́dún 1993, Àríwá Amẹ́ríkà náà sì ń lo oníipò márùn-ún. Torí pé 3 wà láàárín, ojú máa ń wò ó bí ẹni pé àárín gbùngbùn ni ewu náà wà. Irọ́ ni. Ewu kì í fi ìṣísẹ̀ kan náà gòkè láti ipò kan sí èkejì, ńṣe ló ń di ìlọ́po. Ohun tí ipò 3 ń sọ ni pé ó ṣeé ṣe kí yìnyín já fúnra rẹ̀, àti pé tí èèyàn bá gun ibi tí ewu wà, ó súnmọ́ kí ó já a. Ipò yìí sì ni ọ̀pọ̀ ẹ̀mí ń bọ́ sí. Ní ipò 5, gbogbo èèyàn ti wà nílé. Ní ipò 3, oòrùn ń ràn, àwọn ènìyàn bí ìwọ àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ sì ń bi ara wọn pé ṣé kì í ṣe àṣejù. Mi ò fi bú ọ, èmi náà ti bi ara mi rí.

Má ka nọ́ńbà nìkan. Ìkìlọ̀ tó dára máa ń sọ ẹ̀gbẹ́ òkè tí ewu wà, láti ibi gíga wo lọ sókè, àti irú ewu tó jẹ́. Ní ìdajì ayé tó wà lápá àríwá, ẹ̀gbẹ́ tó kọjú sí àríwá kì í rí oòrùn púpọ̀ láàárín ìgbà òtútù, ibẹ̀ ni ìpele ẹlẹgẹ́ máa ń pẹ́ sí jù. Ẹ̀gbẹ́ gúúsù ní tirẹ̀ lè dúró gbọn-in láàárọ̀, kí ó sì di omi-n-yìnyín lọ́sàn-án nígbà tí oòrùn bá mú. Ìjì ńkọ́? Ó lè kó yìnyín jọ sí ẹ̀yìn góńgó òkè ní ìlọ́po mẹ́wàá bí ó ṣe ń rọ̀ láti ojú ọ̀run. Ìyẹn ni pé "ọjọ́ márùn-ún láìsí yìnyín" lè jẹ́ òótọ́ nínú ìlú, kí ó má jẹ́ òótọ́ lẹ́yìn góńgó.

Ó wá ku ihò tí o ní ẹ máa gbẹ́. Ẹ gbẹ́ ẹ o, mo fẹ́ràn ihò gbígbẹ́. Ọ̀nà kan ni kí ẹ gé òpó yìnyín tó fẹ̀ sẹ̀ǹtímítà 30 ní gígùn àti ìbú, kí ẹ gbé ṣọ́bìrì lé e, kí ẹ fi ọrùn ọwọ́ lù ú ní ìgbà 10, kí ẹ ti ìgúnpá lù ú ní ìgbà 10, kí ẹ sì ti èjìká lù ú ní ìgbà 10, kí ẹ wo ìgbà tó máa já. Èyí tí mo gbà pé ó sọ̀rọ̀ jù ni èyí tó fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 90, torí pé òun á fi hàn bóyá lílà tó bẹ̀rẹ̀ ní etí kan máa sáré dé etí kejì. Bó bá sáré dé ibẹ̀, ẹ di ẹrù yín, ẹ padà.

Bí kò bá já ńkọ́? Ibẹ̀ ni wàhálà wà. Ojú kan ṣoṣo lẹ wò lórí odindi òkè. Lọ́dún kan mo gbẹ́ ihò mẹ́ta lójú òkè kan náà. Méjì àkọ́kọ́ kò mira, mo lù wọ́n títí apá fi ń dùn mí. Ẹ̀kẹta kò jìnnà sí wọn ju ogún ìṣísẹ̀ lọ, ó já nígbà tí mo ṣì ń fi ayùn gé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, n kò tíì lù ú rárá. Ká ní ìhò méjì ni mo ní àkókò fún lọ́jọ́ náà, mi ò mọ ohun tí ǹ bá sọ fún àwọn tó wà lẹ́yìn mi. Lórí Weissfluhjoch, lókè ìlú Davos ní Switzerland, wọ́n ti ń ṣe ìwádìí yìnyín láti ọdún 1936, kò sì sí nínú wọn tó máa wo ihò kan kó ní òun ti mọ gbogbo òkè. Ihò tó burú tó láti dá yín padà. Ihò tó dára kò tó láti yí ìpinnu tí ẹ ti ṣe nílé padà.

Kí lẹ wá lè mọ̀ dájú? Bí ibẹ̀ ṣe dá gẹ̀rẹ́ tó. Èyí ni mo fẹ́ kí o dì mú jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí. Pátákó yìnyín kì í sábà já níbi tí kò tó dígíríì 30. Láàárín 30 sí 45 ni púpọ̀ nínú wọn ti ń já, nǹkan bí 38 ló sì burú jù, ibẹ̀ gan-an sì ni síkì ti ń dùn jù, ó ṣeni láàánú. Yìnyín lè máa tàn ọ́ ní ìpele-ìpele, ṣùgbọ́n dígíríì 27 kò lè di 38 lóru. Máàpù wà tó ń fi àwọ̀ hàn ibi tó ju 30 lọ. Ẹ fi ṣètò ọ̀nà yín nílé, kí ẹ tún mú ohun ìwọ̀n gẹ̀rẹ́ dání, torí máàpù lè fo bèbè kékeré kan tó lè pa èèyàn.

Ìwọ̀n ibi tí ẹ dúró sí nìkan kò tó. Kí ló wà lókè yín? Bí ọ̀nà yín tó tẹ́jú bá gba abẹ́ ojú òkè tó jẹ́ dígíríì 37, abẹ́ ewu lẹ wà. Ìyalulẹ̀ ńlá lè rìn jìnnà ju bí ojú ṣe rò lọ. Ní Galtür, lórílẹ̀-èdè Austria, ní ọjọ́ 23 oṣù Èrèlé ọdún 1999, yìnyín wọ apá abúlé tí wọ́n ti kà sí ibi tí kò léwu, èèyàn 31 ló kú. Ẹ tún wo ìsàlẹ̀: bí ibẹ̀ bá jẹ́ kòtò tóóró, ìyalulẹ̀ kékeré lè rì yín jìn. Bí ó bá jẹ́ igi tàbí bèbè àpáta, kò dìgbà tó bá rì yín.

Ìyẹn gbé mi dé orí irinṣẹ́. Ó dára pé ẹ ní wọn: ẹ̀rọ rédíò kékeré tí kálukú ń so mọ́ra, tó ń fi àmì ránṣẹ́ lórí 457 kHz kí wọ́n lè fi wá ẹni tí yìnyín bò, ọ̀pá gígùn tí a fi ń gún yìnyín wá èèyàn, àti ṣọ́bìrì onírin. Ẹni tí yìnyín bò pátápátá, tí wọ́n sì wú jáde láàárín ìṣẹ́jú 10, nǹkan bí 9 nínú 10 ló ń yè. Tó bá fi máa di ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ó ti já wálẹ̀ sí nǹkan bí 3 nínú 10. Àwọn tó ń bọ̀ láti ìlú kò lè bá a. Ẹ̀yin mẹ́rin ni àwọn agbẹ̀mílà. Tí yìnyín bá bo méjì, ó ku méjì. Wíwá èèyàn kì í sì í ṣe iṣẹ́ tó pẹ́ jù, wíwalẹ̀ ni, torí yìnyín tó ya máa ń dì gbagidi bó bá ti dúró. Báàgì afẹ́fẹ́, àpò ẹ̀yìn tó ń wú bíi bàlúù tí o bá fà á, lè mú kí o wà lókè yìnyín, ṣùgbọ́n kò lè gbà ọ́ lọ́wọ́ igi. Ní Kánádà, ìwádìí fi hàn pé nǹkan bí 1 nínú 4 àwọn tó kú ló jẹ́ pé ìpalára ló pa wọ́n, kì í ṣe àìrí èémí mí. Kò sí ẹ̀rọ ìwárí tó lè gba èèyàn lọ́wọ́ ìyẹn.

Ọ̀rọ̀ kan lórí ẹ̀yin mẹ́rin. Ian McCammon, olùwádìí ìjàǹbá ìyalulẹ̀ yìnyín, wo ọ̀pọ̀ irú rẹ̀ ní Amẹ́ríkà, ó sì rí i pé àwọn tó ti kọ́ nípa ewu yìí pàápàá ń bọ́ sínú pańpẹ́ kan náà: ibi tí ojú ti mọ̀, ipinnu tí a ti ṣe tí a kò fẹ́ yí, ọ̀gá tí gbogbo èèyàn ń tẹ̀ lé láìbéèrè, ìfẹ́ kí a lè kọ́kọ́ fi síkì kan yìnyín tuntun. Mo ka ìbéèrè rẹ, mo rí "lọ́jọ́ Sátidé", mo rí "ipa síkì àwọn ẹlòmíì", mo rí "gbogbo irinṣẹ́ la ní". Ẹ jọ̀wọ́, kí ẹ tó kúrò nílé, ẹ fẹnu kò pé bí ẹnì kan ṣoṣo bá ní òun kò fẹ́ gun ibì kan, ọ̀rọ̀ ti parí, kò ní ṣàlàyé. Ẹni tó máa ń dákẹ́ láàárín yín ni kí ẹ kọ́kọ́ bi.

Ká ní èmi ni mò ń lọ lọ́jọ́ Sátidé, màá ka ìkìlọ̀ lálẹ́ Jímọ̀, màá tún un kà láàárọ̀ torí ó lè yí padà. Màá mú ọ̀nà méjì tí kò ju dígíríì 27 tàbí 28 lọ, tí kò sí ohun tó dá gẹ̀rẹ́ jù lókè wọn. Bí a bá gbọ́ "gbìì", bí a bá rí i tí yìnyín ń là lọ níwájú síkì wa, bí a bá rí ibi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ya, a ti padà nìyẹn, ihò kankan kò sí lọ́rọ̀ mọ́. Fóònù á jìnnà sí ẹ̀rọ rédíò ní ó kéré tán sẹ̀ǹtímítà 20, àti 50 nígbà tí a bá ń wá èèyàn, torí ó ń dà á láàmú. Níbi tí a bá ti bẹ̀rẹ̀ ìrìn, ẹnì kan á kọjá síwájú, á yí ẹ̀rọ tirẹ̀ sí ìwárí, ẹ̀yin yòókù á sì máa kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ó gbọ́ ẹ̀rọ kálukú. Lẹ́yìn náà, ẹnì kan nínú yín gbọ́dọ̀ yẹ tirẹ̀ náà wò, pé ó ti yí i padà sí ìfiránṣẹ́. Òun ni wọ́n máa ń gbàgbé jù.